Ètè Bàbá Mo-Ti-Mọ̀

Ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin ni Bàbá Mo-Ti-Mọ̀ fi ètè mú gbogbo àlejò sunkún. Wẹ́dà ni. Iná tó fi ń jó irin, oòrùn, àti ètè tó ń lá ṣáá ti jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó po ìpara tirẹ̀: ìda oyin, òróró àgbọn, àti ògidì òróró míńtì, gbogbo ohun tó wà nínú ìgò.

"Bàbá, ṣé míńtì yẹn ò ti pọ̀ jù?" ni ìyàwó ọ̀ṣìngín bi í.

"Mo ti mọ̀."

Ìdáhùn kan ṣoṣo tó ní fún gbogbo ayé nìyẹn, òun náà ló sì di orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́, ètè méjèèjì ti wú, wọ́n ti kú tipiri, wọn ò pàdé mọ́. "Ọmọ mi" di "Ọ-ọ i." "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀" di "Ẹ á i tọ́jú ẹ̀." Míńtì ń fa omi lójú rẹ̀. Ìyá ọkọ rò pé ìfẹ́ ọmọ ló há bàbá lọ́fun, ló bá bú sẹ́kún, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbè é. Àwọn àna búra pé ọ̀rọ̀ kankan ò tíì wọ àwọn lákínyẹmí ara tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ náà ló fà á lọ sọ́dọ̀ obìnrin apòògùn.

"Bàbá, ẹ yé lá ètè," ni obìnrin náà wí. "Bí itọ́ bá ti ń gbẹ ló ń fa omi ara ètè lọ. Ẹ sì máa mu omi dáadáa."

"Ta ló ń lá ètè?" ni bàbá bi í, ó sì lá a.

Obìnrin náà gbé ìpara kan kalẹ̀. Kò lóòórùn, kò ní míńtì, kò dùn lẹ́nu, ó sì ń dènà oòrùn. Bàbá fi imú wá a títí.

"Kò rùn, kò ta, kò tutù. Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Bí ẹ bá ti gbàgbé pé ẹ ní ètè, ó ti ṣiṣẹ́ nìyẹn."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ètè sì ya. Ó nu ẹ̀jẹ̀ nù, ó gba ìpara.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á kọ́kọ́ jókòó gbọ́ ìwàásù ètè.

"Bàbá, ilẹ̀kùn mi ńkọ́?"

"Olè lè ní sùúrù. Ètè ẹ ò ní."

Nígbà tó yá, àìsàn àyà dá a dúbúlẹ̀. Èémí ò gba imú tó mọ́, ẹnu ló fi ń mí, ètè sì tún sán. Láràárọ̀ ní ilé ìwòsàn, ọmọ rẹ̀ á fọwọ́, á rọra fi ìpara kùn ún. Ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ojú ló kù tó fi ń jà. Bí ọmọ bá rò pé òun ti kùn ún tán, á wo igun tó kù, á tún wo ọmọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn, ọmọ ti sunkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó wọlé. Kò tíì fi omi kan ẹnu. Bàbá wò ó, ó wò ó.

"Tìẹ ti gbẹ."

"Kò sí nǹkan tó ṣe mí, Bàbá."

"Gbé e wá."

Ó ki ìka rẹ̀, tí iná ti jó káàkiri, bọ inú ìpara. Ó kùn díẹ̀ sí imú ọmọ, díẹ̀ sí àgbọ̀n, kó tó rí ètè. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín láìsí ohùn. Ìka náà le koko, ṣùgbọ́n ṣe ló ń rọra lọ bí ẹni ń nu ẹnu ọmọ ọwọ́. Ó kùn ún dé igun dé igun, kò fi ibì kan sílẹ̀. Ó wá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó sì sùn.

Kí oòrùn tó kan fèrèsé, ọwọ́ náà ti tú. Nọ́ọ̀sì tó wọlé bá ọmọ lórí àga níbi tó ti ń sunkún, tí ètè rẹ̀ ń dán.