Ìyá Ọkọ Mi àti Alábàárù Inú Kọ̀ǹpútà

Mo rántí ìgbà tí wọ́n gbé ìyá ọkọ mi wọlé wa ní Òkè-Àgbò, lórí àga onígi, bí ẹni gbé ọba. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e. Ó ti ṣubú ní èbúté Òde-Omi níbi tó ti ń wo bí wọ́n ṣe ń to ẹrù ẹja rẹ̀ sínú ọkọ̀, eegun itan rẹ̀ sì ti ṣẹ́. Àwọn tó to eegun náà ní kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kò sì sí ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ létí omi. Ọkọ mi, tí í ṣe àbíkẹ́yìn rẹ̀, ní kó wá sọ́dọ̀ wa. Ó sọ ọ́ tán, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló sì máa ń wálé. Bí èmi àti ìyá ṣe di ẹni tó ń wo ara wọn lójú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn.

N kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà náà, ìwé tí mo kà sì ń pa mí bí ọtí. Ọmọ tíṣà ni mí, láti Àgọ́-Ìwòyè, inú ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ti tọ́ mi. Mùsùlùmí ni ìyá ọkọ mi, oníṣòwò ẹja ni, kò sì jókòó sí kíláàsì rí lọ́jọ́ ayé rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì tẹ ìwé, lórí kọ̀ǹpútà kan tí ọkọ mi rà ní àlòkù nígbà tí ọ́fíìsì wọn ń pààrọ̀ tiwọn. Òun nìkan ni kọ̀ǹpútà tó wà ládùúgbò wa. Ó tóbi bí àpótí aṣọ, ó máa ń kùn bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun tí mo bá tàn án, mo sì ní aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ọnà sí tí mo fi ń bò ó. Tí àlejò bá wá, mo máa ń ṣí aṣọ náà díẹ̀, kí wọ́n lè rí nǹkan bi mí léèrè. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Aṣọ nìkan lojú mi ń wò nígbà náà.

Ìyá kì í bá mi jà. Ká kúkú jà ì bá sàn. "Ìyàwó, o ṣé," ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ tí mo bá gbé oúnjẹ dé iwájú rẹ̀. Mo se ìkọ́kọrẹ́, ó jẹ ṣíbí mẹ́ta. Mo se ẹja, ó yẹ ẹja náà wò yípo, ó sì rọra dá a padà sínú abọ́. Mo mọ ohun tó fà á, tàbí kí n sọ pé mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Oṣù mẹ́ta ṣáájú kó tó dé ni oyún oṣù márùn-ún bàjẹ́ lára mi. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́, títí ọ̀rọ̀ náà fi sú etí mi. Ìyá ọkọ mi nìkan ni kò sọ ọ́. Kò fi rán ẹnikẹ́ni sí mi láti Òde-Omi, kò sì sọ ọ́ nígbà tó dé. Mo wá gbà lọ́kàn mi pé ẹ̀bi mi ló ń rò, pé lójú tirẹ̀, agbè náà ti fọ́. Kò tíì lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa tí mo fi bẹ ọkọ mi, nínú yàrá wa, pé kó bá wa wá ibòmíràn tí ìyá lè máa gbé.

Géèmù kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà nígbà tí a rà á. Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ló fi í síbẹ̀. Sitóò kan ni, tí èèyàn ń wò láti òkè bí ẹni tó gun àjà. Ògiri yí i ká, àpótí wà káàkiri inú rẹ̀, ọkùnrin kékeré kan sì wà láàárín tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó ti àpótí kọ̀ọ̀kan dé ibi tí wọ́n sàmì sí. Ó lè tì í, kò lè fà á. Ọ̀kan ṣoṣo ló sì lè tì lẹ́ẹ̀kan. Bí àpótí bá ti wọ igun ògiri, kò ní jáde mọ́, àfi kí èèyàn pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo pè é ní eré ọmọdé. Mo yára kọjá ìpele mẹ́wàá, mo dé ìkọkànlá, mo sì há síbẹ̀ bí ẹja tó wọ ìgèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Mo sọ fún ọkọ mi pé ẹni tó ṣe géèmù náà ló ṣe àṣìṣe, pé kò sí ẹni tó lè kọjá ibẹ̀. Èmi tí mo gba ìwé ẹ̀rí nínú ìṣirò ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni a gbé àga ìyá sí, nítorí atẹ́gùn. Mo rò pé títì ló máa ń wò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo tún ti há, tí mo ń ráhùn lábẹ́lẹ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Èyí tó ń lọ sọ́nà jíjìn ni kí o kọ́kọ́ gbé. Èyí tó wà nítòsí, òun ni kó kẹ́yìn."

Mo yíjú padà. Ó ti kọjú sí títì, bí ẹni pé òun kọ́ ló sọ̀rọ̀. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí alákọ̀wé máa ń rín sí àgbà, mo dúpẹ́, n kò sì ṣe ohun tó wí. Mo dúró títí àkókò ìrun Àsárì fi tó, tí mo bá a yí àga rẹ̀ sí gábàsì. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ìrun lórí ìjókòó báyìí, mo sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo kọ́kọ́ ti àpótí ọ̀nà jíjìn, mo fi ti ìtòsí kẹ́yìn. Gbogbo wọn wọlé wẹ́rẹ́. Kọ̀ǹpútà náà sì fọn fèrè, ó fọn ọ́n kíkan, pé mo ti yege. Ìyá kò dá ìrun rẹ̀ dúró. Ó sálámà sí ọ̀tún, ó sálámà sí òsì níbi tí mo jókòó sí. Ti òsì pẹ́ díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, èmi fúnra mi ni mo gbé àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. Ó wá ṣàlàyé fún mi bí òun ṣe ń darí àwọn tó ń di ẹrù sínú ọkọ̀ láti ìgbà tí òun ti wà ní ọmọge: ẹrù èbúté tó kẹ́yìn ni yóò wà nísàlẹ̀, ti èbúté tí wọ́n máa kọ́kọ́ dé ni yóò wà lókè. Ẹni tó bá gbàgbé, orí omi ni yóò ti máa tú ẹrù. Ọkùnrin inú géèmù náà ló sọ ní alábàárù. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe é. Ó máa ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá wọ́n ń fún un lóúnjẹ, tí wọ́n bá sì ti pe ìrun, yóò ní kí n fi í sílẹ̀ kó sinmi. Ìka ló fi ń tọ́ka ọ̀nà, ìka tó ti gbé ẹja yíyan fún ogójì ọdún, ó sì máa ń fi ọ̀rá sójú kọ̀ǹpútà tí n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Mo kọ́kọ́ máa ń nù ún. Nígbà tó yá, n kò nù ún mọ́. Ó sì ti ń jẹun.

Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo fi ìkánjú ti àpótí kan wọ igun. Mo na ọwọ́ láti tún un bẹ̀rẹ̀, mo sì sọ ohun tí n kò mọ̀ pé ó wà lẹ́nu mi: "Ìyá, ayé rọrùn fún alábàárù yìí o. Tí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, á tún bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí." Mo fẹ́ kó jẹ́ àwàdà, ṣùgbọ́n kò jáde bẹ́ẹ̀.

Ìyá yíjú kúrò lójú kọ̀ǹpútà. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọrùn ọwọ́ mi.

"Ọma mi," ló wí. Bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ ní èdè tiwọn nìyẹn. Kò pè mí ní ohunkóhun rí ju Ìyàwó lọ. "Méjì ló bàjẹ́ lára mi kí n tó bí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ. Wọ́n ní omi ló dànù. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n òùngbẹ omi yẹn ń gbẹ mí títí dòní. N ò lè wá máa sọ ọ́ fún ìwọ náà."

Mo sunkún. Kò ní kí n dákẹ́, bí gbogbo èèyàn ti máa ń ṣe. Iná lọ, ojú kọ̀ǹpútà ṣú, a jókòó síbẹ̀ títí òjò fi dá.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ọkọ mi dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, ó ń wo ìyá rẹ̀ tó ń sọ fún mi pé kí n má tì í síbẹ̀, kí n gba ẹ̀yìn. Lẹ́yìn tó kúnlẹ̀ kí i tán (àbíkẹ́yìn ni, kò dọ̀bálẹ̀ fún un rí, èmi àti ìyá ti ń fi í rẹ́rìn-ín), ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ti ṣètò yàrá sílẹ̀ ní Èkó, pé mọ́tò máa wá gbé ìyá lọ́jọ́ kejì, gẹ́gẹ́ bí òun àti èmi ti jọ sọ. Ó wo ojú mi nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá bi í pé ta ló ní kí òun lọ. Mo dìde lórí àga, mo kúnlẹ̀.

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ dárí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ mọ́."

"Mo mọ̀," ni Ìyá wí. "Ọjọ́ tí o sọ ọ́ ni mo ti mọ̀. Ògiri ilé yín ò nípọn." Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé mo níṣẹ́ lọ́wọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe lọ. Títí dòní ni ọ̀rọ̀ ògiri yẹn ń yà mí lẹ́nu: ó ti gbọ́ pé mo fẹ́ lé òun, ó sì tún bá mi wá ọ̀nà àbáyọ nínú ìpele kọkànlá. Ó lo ọdún méjì àti díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo bí ọmọbìnrin mi sí, òun ló sì wẹ̀ ẹ́ títí ọmọ fi ń rìn. A dé ìpele kẹtàlélọ́gbọ̀n nínú géèmù náà. Bí a ṣe parí ìpele yẹn, kí òmíràn tó ṣí, ni àrá sán, iná wọ inú kọ̀ǹpútà, kò sì tàn mọ́. Ìyá ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí alábàárù lọ sílé rẹ̀, kí òun náà lọ sílé òun. Ó padà sí Òde-Omi pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀, ó sì gbé níbẹ̀ ọdún mẹ́jọ kó tó jáde láyé.

Ọyẹ́ tó kọjá yìí, ọmọbìnrin mi wálé láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó ń fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń kó àwọn géèmù àtijọ́ sórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe rí játijàti. Bí sitóò yẹn ṣe yọ lójú fóònù, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láì tọrọ. Ọwọ́ mi kò gbàgbé. Ọ̀sán méjì ni mo fi rìn ín láti ìpele kìn-ín-ní, ní ibòmíràn n kò tilẹ̀ ronú, ohùn ìyá ló ń sọ fún mi pé kí n gba òsì, kí n gba ẹ̀yìn. Nígbà tí mo parí ìkẹtàlélọ́gbọ̀n, ìkẹrìnlélọ́gbọ̀n ṣí. Èmi àti ìyá kò rí i rí.

N kò tí ì kọjá rẹ̀. Ọmọ mi ní ìdáhùn rẹ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé ìṣẹ́jú kan ni. Mo ní kó jẹ́ kó wà níbẹ̀. Láàárọ̀, kí n tó jáde, mo máa ń ṣí i, kí n wo bí àpótí ṣe tò, kí n ti ọ̀kan tàbí méjì, kí n sì pa á. Ọjọ́ ń bọ̀ tí n óò rí ọ̀nà. Ó kàn jẹ́ pé gbogbo ibi tí mo ti kọjá, ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Láti ibí lọ, ohùn ara mi ni n óò máa gbọ́.