Àwo Orin Tí Mo Sẹ́ ní Savalou

Nígbà tí mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, bàbá mi fi mí ránṣẹ́ láti Bantè sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Savalou. Aránṣọ ni. Nígbà èwe rẹ̀, ó ti ṣe kúùkù fún òyìnbó kan ní Kútọnu. Nígbà tí òyìnbó náà ń relé, ó fi gramafóònù tí wọ́n ń fọwọ́ yí sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú àpótí àwo orin kan. Orin ijó àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ti gbà sínú àwo kí wọ́n tó bí bàbá mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tó bá ti kírun alásàrí tán, á ní kí n wá jókòó. Ariwo lásán ni mo kọ́kọ́ pè é, nítorí àwo náà ń dún bí ẹni ń yan ẹ̀pà nínú yanrìn. Ó ní kí n má gbìyànjú láti gbọ́ gbogbo àwọn olórin náà pọ̀, kí n di ẹnì kan mú, kí n máa tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ fèrè dúdú tó ń lọ́ mọ́ orin bí ìtàkùn iṣu ṣe ń lọ́ mọ́ igi. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ mi kì í lè dúró jẹ́ẹ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kan tí àwo ń dún nínú yàrá rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta láti kíláàsì wa yà kí mi. Ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan béèrè bóyá èmi náà ń gbọ́ orin òkú yìí. Mo fi Faransé dáhùn, mo gbóhùn sókè kí orin má baà bò mí:

"Èmi kì í gbọ́ ọ. Aránṣọ tó gba yàrá lọ́wọ́ wa ló ni ín. Orí rẹ̀ kò pé."

Àwo ìgbà yẹn kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Orin parí kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn nìkan ló sì dún nínú ilé. Faransé tí mo sọ, èdè tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ń bá òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni.

Kò jáde. Kò bá mi wí. Ó gbé oúnjẹ mi sílẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ìgbà tí mo bá lọ sí iléèwé nìkan ló ń yí gramafóònù rẹ̀. Ìyá onígààrí tó múlé tì wá ló sọ fún mi.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ sílé fún ìsinmi, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Mo parọ́ mọ́ yín."

Ó rán aṣọ ọwọ́ rẹ̀ dé etí kó tó dá mi lóhùn.

"Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé orí mi kò pé ní ìlú yìí. Ṣùgbọ́n ìwọ mọ ohun tó wà nínú orin yẹn."

Ó ní kí n dìde, kí n bá òun kí àbúrò òun.

Nígbà tí mo padà dé, ó tún pè mí jókòó, a sì jọ ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èmi àti àwọn ọmọbìnrin yẹn ṣì lo ọdún méjì sí i nínú kíláàsì kan náà, n kò sì sọ òótọ́ fún wọn. Bí wọ́n bá rí ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ́jà, wọ́n á fìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn, èmi á sì máa wo ilẹ̀.