Nígbà Tí Egungun Mi Ń Rọ

Nígbà tí nǹkan oṣù mi dáwọ́ dúró ní Sókótó, inú mi dùn ni. Iṣẹ́ irun dídì ni mo ń ṣe, láti Gagi títí dé Kasarawa, nínú ilé àwọn ìyàwó Háúsá tí kì í jáde. Oṣù ààwẹ̀ dé, mo gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọjọ́ kan ò bọ́, nígbà tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ń ka ọjọ́ tí nǹkan oṣù já gbà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n máa san padà. Mo wá ń rìn bí Àlàájà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé. Mo rò pé Ọlọ́run dìídì yọ́nú sí mi ni.

Àyẹ̀wò ní kì í ṣe oyún. Nígbà tí wàrà tún bẹ̀rẹ̀ sí í sun lọ́mú mi, èmi tí mi ò tíì bímọ rí, mo ká aṣọ sínú kọ́mú, mo ní ooru ni. Kò sí ohun tí a kì í di ẹ̀bi rẹ̀ ru ooru ní Sókótó.

Ọjọ́ kan ni mo yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà oníbàárà mi kan. Ìṣubú tí ọmọdé máa dìde níbẹ̀ táá máa sáré lọ ni, àmọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi dá. Mo sunkún gidigidi, torí ọwọ́ náà ni gbogbo iṣẹ́ mi.

Ọkọ mi, tó ń lẹ táyà lọ́nà Kalambaina, gbé mi dé ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin wo fọ́tò egungun mi títí, ó wá fi Háúsá béèrè bóyá mo ń rí nǹkan oṣù mi, bóyá nǹkan ń jáde lọ́mú mi. Mo ní wàrà ń jáde.

Ọkọ mi yíjú sí mi. "Nítorí Ọlọ́run, o sì dákẹ́?"

Àyẹ̀wò fi hàn pé kókó kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ ń tú pùròlákítìn, èròjà tí ń pe wàrà fún abiyamọ, jáde ju bó ṣe yẹ lọ.

Dókítà ní, "Tó bá ti pọ̀ jù, kì í jẹ́ kí èròjà tó ń mú nǹkan oṣù wá ṣiṣẹ́. Èròjà yẹn ló sì ń bá egungun di kálísíọ̀mù mú, ohun tó ń mú kí egungun le. Tiyín ti ń fi egungun sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

Mo béèrè, "Ṣé ọwọ́ yìí á tún dirun?"

"Sannu, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ lo oògùn yìí, ẹ máa mu wàrà màlúù, ẹ máa rìn dáadáa. Egungun yín ṣì lè ki padà."

Mo lo oògùn náà. Wàrà gbẹ, nǹkan oṣù padà, ọwọ́ jinná, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Tí mo bá rántí ìyàwó tí mo jẹ́ nígbà náà, tí ń yọ̀ pé òun ò jẹ gbèsè ààwẹ̀ kankan, tí egungun rẹ̀ sì ń rọ lábẹ́ ayọ̀ náà, mo máa ń rẹ́rìn-ín, àánú rẹ̀ sì máa ń ṣe mí. Láìpẹ́ yìí ni dókítà wo fọ́tò tuntun, ó ní egungun mi ti ki dáadáa. Mi ò mọ ìgbà tí mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbá tirẹ̀ mú, tí mo fún un pọ̀, àfi ìgbà tó pariwo pé kí n fi òun sílẹ̀, ó ń dun òun.