Etí Tabitha Odùbánjọ

Tí ẹ bá dé Ìmẹ̀pẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹ sì bèèrè ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ayọ̀fẹ́ tó ń tún sípíkà ṣe, kò sí ọlọ́kadà tí yóò ṣì yín lọ́nà. Tabitha Odùbánjọ ni orúkọ rẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń bá sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́sáláṣí yí, láti Odògbólú títí dé Ìjẹ̀bú-Imùṣin.

Ọ̀dọ̀ Rufus bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí ojú bàbá náà fọ́, kò kúrò nídìí iṣẹ́. Yóò ní kí Tabitha tan ẹ̀rọ, kí òun náà dijú, kó sọ ibi tó ti ń dun ẹ̀rọ náà. Bí ọmọ náà bá yọjú wò, bàbá á mọ̀, nítorí ìdáhùn rẹ̀ á yá jù. Níbẹ̀ ló ti kọ́ ohun tí kò rí kà nínú ìwé kankan: pé àwọn sípíkà tó bá ti ilé-iṣẹ́ kan náà wá máa ń jọra lóhùn, bí ọmọ ìyá ṣe ń jọra tí wọ́n bá pe ènìyàn láti ìta. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ o. Àwọn ojúlówó ni.

Lọ́dún tó kọjá, Injiníà Olúyọmí ránṣẹ́ pè é. Bàbá yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó, ó kọ́lé sí Odògbólú, ó sì kó sípíkà olówó gọbọi kún inú rẹ̀: ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Jámánì, ti Japan, ńlá àti kékeré. Nígbà tí Tabitha wọ pálọ̀, ó bá bàbá náà àti Dókítà Àbdùlláhì, olùkọ́ físíìsì ní yunifásítì, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn.

"Ìyá Ayọ̀fẹ́, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí," ni Injiníà wí. "Mo ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀. Ó ní irọ́ ni, pé orúkọ tó wà lára àpótí ni etí mi ń gbọ́."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ má bínú. Ẹni tó bá ti náwó tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ nǹkan kan ni. Ẹ bo ojú Injiníà wò, gbogbo ẹ̀ á dàrú."

"Ẹ bo tèmi," ni Tabitha dáhùn.

Dókítà ta kọ́tìnì kan sí àárín pálọ̀, kí Tabitha má baà rí àwọn sípíkà náà. Fóònù rẹ̀ ló fi wọn ariwo ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kó lè dọ́gba, torí ó ní èyí tó bá ròkè jù ló máa ń dùn jù létí. Tabitha náà ní òfin tirẹ̀.

"Ojú kan ni kí ẹ máa gbé gbogbo wọn sí, kí ẹnikẹ́ni má sì sún àga. Pálọ̀ yìí náà ní ohùn. Bí ẹ bá gbé sípíkà sí igun mìíràn, ohùn ògiri ni màá máa gbọ́."

Dókítà wò ó, ó mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Orin kan ṣoṣo ni wọ́n ń tún gbé sí i: obìnrin kan tó ń kọrin, pẹ̀lú dùùrù. Tabitha dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ti Gẹ̀ẹ́sì nìyí. Ẹ gbọ́ bó ṣe rọra gbé ohùn obìnrin náà kalẹ̀, bí ẹni tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì."

Wọ́n gbé òmíràn sí i. "Ti Jámánì. Èyí kì í fi nǹkan kan pa mọ́. Bó ṣe ń mí gan-an ń jáde."

Ẹ̀kẹta. "Ti Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n èyí kéré. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tó, àmọ́ ẹnu kan náà ni."

Ẹ̀ẹ̀méjìlá ni wọ́n ṣe é. Nígbà tó di ẹ̀kẹsàn-án, ó mi orí. "Èyí kì í ṣe ará ilé kankan níbí."

"Màmá, ẹ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan."

"Mi ò ní purọ́ mọ́ etí mi. Àlejò ni."

Nígbà tí wọ́n ká kọ́tìnì, mọ́kànlá ló gbà. Ẹ̀kẹsàn-án yẹn, sípíkà tuntun tí Injiníà ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni, orúkọ ilé-iṣẹ́ Japan sì wà lára rẹ̀ ketekete. Dókítà fọwọ́ tọ́ka sí i. Ṣùgbọ́n Injiníà ti wá ìwé tó bá sípíkà náà wá lọ, ó wọ awò ojú, ó ń ka àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn ìwé náà. Ló bá pariwo. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é; orúkọ nìkan ni wọ́n yá.

Dókítà jókòó. "Ìyẹn ni pé kì í ṣe orúkọ ló ní ohùn."

"Ènìyàn ni," ni Tabitha wí. "Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é, ẹnì kan wà tó máa ń gbọ́ ọ kẹ́yìn, tó máa ń ní 'ó ti dára' tàbí 'ẹ lọ tún un ṣe'. Bí ẹni yẹn bá kọ́ ẹlòmíràn bó ṣe ń gbọ́, ilé náà á ní ohùn. Wọ́n lè ta orúkọ. Wọn ò lè ta etí mọ́ ọn."

"Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára," ni Dókítà wí, "ṣùgbọ́n ẹnì kan, ọjọ́ kan, kò tíì tó ẹ̀rí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè wá ṣe é níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi?"

Oṣù Èrèlé ni Tabitha lọ síbẹ̀. Ayọ̀fẹ́ ọmọ rẹ̀ bá a lọ, ó jókòó sẹ́yìn, ó ń ya fọ́tò. Lọ́jọ́ náà, Tabitha gba mẹ́wàá nínú méjìlá. Lẹ́yìn náà ni Dókítà ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà dán an wò. Ọ̀pọ̀ wọn kàn ń méfò ni. Fatihah nìkan, ọmọbìnrin kan tó jókòó sí ìlà iwájú, ló gba méje. Tabitha lọ bá a, ó bi í léèrè ohun tó gbọ́, ó sì fi hàn án níwájú gbogbo kíláàsì ibi tó ti ṣì í. Fún wákàtí kan gbáko, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó wo fóònù. Nígbà tó parí, gbogbo wọn dìde dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́, Dókítà náà dìde pẹ̀lú wọn.

Kí ó tó lọ, wọ́n gbé ìwé àlejò ẹ̀ka wọn wá fún un. Orúkọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló kún ojú ewé náà. Níbi tí wọ́n ní kí àlejò kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí, Tabitha fara balẹ̀ dáadáa, ó kọ ọ́ gàdàgbà: Atúnsípíkàṣe, Ìmẹ̀pẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde.