Ìgbà Tí Ipò Kan Bàbá Mi

Bíríkìlà ni bàbá mi. Kò sí ògiri kan nínú ilé ẹbí wa tí kò fọwọ́ kàn: òun ló rẹ́ pálọ̀, òun ló tún àtẹ̀gùn ṣe, òun ló dí gbogbo ibi tí òjò ń gbà wọlé. Tí ìyá mi bá ń ráhùn pé ọ̀fẹ́ ti pọ̀ jù, á rẹ́rìn-ín, á ní ṣé èèyàn máa ń gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ ara ẹ̀ ni.

Ohun kan wà tí a kì í sọ nínú ilé yẹn. Rírà ni wọ́n ra bàbá tó bí bàbá mi, ọmọ kékeré tí kò mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ẹni tó rà á darúgbó, ó kó ẹbí jọ, ó ní ọmọ òun ni, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ pè é ní ẹrú mọ́ láéláé. Wọ́n pa òfin náà mọ́. Kódà tí ìjà bá dé, tí wọ́n ń bú ara wọn tìyátìyá, wọn ò jẹ́ sọ ọ́. Ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi ní ilé ìdáná, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá ẹ̀." Bàbá mi ní tirẹ̀ gbà pé ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ mọ́ ti tán.

Nígbà tí olórí ẹbí kú, bàbá mi ló dàgbà jù, ẹni tó dàgbà jù ló sì ń jẹ olórí ẹbí nílé wa. Ó wù ú, kò fi pamọ́. Ó gé irun, ó ha sìmẹ́ńtì kúrò léèékánná títí ọwọ́ fi pọ́n. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àfi bíi pé ó ń lọ fẹ́ ìyàwó tuntun. Inú rẹ̀ dùn.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ní pálọ̀ ilé ẹbí tó fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ la jókòó sí. Àbúrò olóògbé, tí bàbá mi fi ọjọ́ orí jù lọ dáadáa, ṣàdúrà tán, ó ní ó ku kí a mọ ẹni tó kàn. Ẹnì kan wúkọ́. Ẹnì kan ń wo bàtà rẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń ronú ni, àfìgbà tí mo rí i pé ńṣe ni wọ́n ń yọ́ bàbá mi wò, tí wọ́n sì ń gbójú kúrò. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Wọn ò lè ní kò tọ́ sí i láìsọ ìdí, òfin ò sì jẹ́ kí wọ́n sọ ìdí. Òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń dúró dè kó yẹra.

Inú bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ? Tí mo bá ní ó tọ́ sí i, wọ́n á bi mí pé ta ló ní kò tọ́ sí i, èmi gan-an ni màá wá sọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún síta lójú bàbá mi. Mi ò wúlò fún un lọ́jọ́ náà.

Bàbá mi wo ògiri.

Ó ní, "Orúnkún ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kí àbúrò mi tó ṣàdúrà yìí ṣe é."

Ara tu gbogbo wọn. Wọ́n ń dì mọ́ ọn, wọ́n ń yìn ín, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

A padà sílé, a dé ẹnu ọ̀nà wa. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Ó ní òun ò bínú. Ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.

"Tó bá kan ìwọ náà," ó ní, "tètè sọ pé orúnkún ń dùn ọ́. Má jẹ́ kó pẹ́ bíi tèmi."