Ariwo Yàrá Màmá

Ẹni tó bá sọ pé kò sí ohun tó ń ṣe òun, ẹ kọ́kọ́ bi ìyàwó rẹ̀ léèrè. Agẹrun kan wà, ara rẹ̀ le, ó ń jẹun, ó ń sùn, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n lórí oníbàárà. Ṣùgbọ́n bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà níwájú ilé, orí òrùlé ló ń gbà lọ. Ọ̀pá méjì tó yẹ kó gbé kọ́tìnì pálọ̀ dúró ló dè mọ́ igi níbẹ̀, ó ní ẹ́ríà tó ń gba ohùn inú afẹ́fẹ́ ni. Okùn ló wá ń gbé kọ́tìnì. Àwọn ará àdúgbò ò tilẹ̀ pè é lórúkọ mọ́, Bàbá Ẹ́ríà ni wọ́n ń pè é.

Wáyà gba ojú fèrèsé wọ pálọ̀ láti òkè, ó wọnú nǹkan pẹlẹbẹ kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, nǹkan náà sì wọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Kò sí bọ́tìnnì tí à ń yí bíi ti rédíò àtijọ́. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ rédíò. Ohun tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ á máa hàn lójú rẹ̀ bí omi búlúù tó ń ṣàn wálẹ̀, ibi tí ẹnìkan bá sì ti ń sọ̀rọ̀, ìlà yẹ́lò á là á kọjá. Agẹrun ti gbọ́ àwọn tó ń wa ọkọ̀ òfúrufú rí. Ó ti gbọ́ onítakisí kan tó ń purọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú òun mọ́lẹ̀, oúnjẹ sì kún ẹnu rẹ̀ bámúbámú. Ohun tí kò tíì rí gbà ni àwòrán ìkùukùu tí sátẹ́láìtì máa ń sọ sílẹ̀ bó bá ń kọjá lókè. Ìyẹn gan-an ló gbà á lọ́kàn.

Àfi bí ìyá ìyàwó rẹ̀ ṣe dé. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀, ọjọ́ Ajé ló máa padà sẹ́nu iṣẹ́, Màmá sì ti wá láti máa tọ́jú ọmọ ọwọ́. Àlejò jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọn kì í bèèrè nǹkan, wọn kì í dá sí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ni gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ti di yẹ́lò. Ariwo ni àwọn tó ń ṣe irú eré yìí ń pe ìyẹn. Kì í ṣe ariwo tí etí ń gbọ́ o. Ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ ni, tí ẹ̀rọ oníná kan ń tú jáde, tó sì ń bo ohùn yòókù mọ́lẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé, agẹrun bẹ̀rẹ̀ ọdẹ. Ó pa fíríìjì, ariwo wà níbẹ̀. Ó pa fáànù, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ariwo ò mira. Ó wá gbé kọ̀ǹpútà lé apá bí ọmọ, ó so ẹ́ríà kúkúrú mọ́ ọn, ó ń rìn káàkiri ilé. Nílé ìdáná, yẹ́lò náà fẹ́lẹ́. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó nípọn sí i. Níwájú yàrá Màmá, ó di líle koko. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé pé pákó lásán ni ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe wèrè yìí lórí fóònù.

“Ọ̀rẹ́, mo ti mú un! Yàrá ìyá ìyàwó mi ni ariwo yẹn ti ń wá! Láti ọjọ́ tó ti dé ni n kò ti gbádùn ara mi. Má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú, mo máa pa á lónìí olónìí!”

Ohun tó gbọ́ tẹ̀ lé e ni síìpù báàgì Màmá. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó rẹ̀ jáde nínú yàrá ọ̀hún, ọmọ wà léjìká rẹ̀.

“Kí lo sọ fún màmá mi?”

“Èmi? N kò bá wọn sọ̀rọ̀ rárá o!”

“Wọ́n ní o fẹ́ pa àwọn.”

Ohùn Màmá ti inú yàrá wá, kò le, kò rọ̀. “Kì í ṣe ti pé ó fẹ́ pa mí. Àna ti pa àna rí. Ṣùgbọ́n ‘mo máa pa á’ ló ní! Ṣé kò lè fi ọ̀wọ̀ pa mí ni? Kó ní òun máa pa wọ́n. Torí pé ó fẹ́ pa mí, ṣé mo wá di ẹgbẹ́ ẹ̀ ni?”

Ìyàwó rẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. “Wọlé lọ bẹ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá fi lọ, ìwọ lo máa pọn ọmọ lọ́jọ́ Ajé. Wàá pọn ọ́n, wàá sì máa gẹrun. Ká wo ẹni tó máa gbé orí kalẹ̀ fún ẹ.”

Agẹrun wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì gbé kọ̀ǹpútà sílẹ̀.

“Màmá, ẹ dákun, iná yìí ni mo ní mo máa pa.” Ó nawọ́ sí iná kékeré ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí Màmá máa ń tàn sílẹ̀ tọ̀sán-tòru nítorí ọmọ. “Ẹ bá mi fà á yọ, kí ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà.”

Màmá fà á yọ. Yẹ́lò lọ, búlúù dé, ó mọ́ kedere. Wọ́n dá a padà, yẹ́lò dé. Wọ́n tún fà á yọ, wọ́n tún dá a padà, títí ẹ̀rín fi bọ́ lẹ́nu ìyàwó agẹrun tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, ó gbé ọmọ lọ wẹ̀. Màmá fa iná náà yọ, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tú báàgì.

“Mo ti rí i,” ni wọ́n wí. “Iná ló ń pariwo. Ṣùgbọ́n kí n tó mọ̀ pé iná ni, mo ti gbà pé èmi ni.”

Agẹrun dìde jókòó sílẹ̀.

“Gbogbo ilé wa ló máa ń sọ pé ẹnu mi kì í sinmi. Nígbà tí mò ń bọ̀, mo kìlọ̀ fún ara mi pé ilé onílé ni mò ń lọ, kí n pa ẹnu mi mọ́. Ọmọ yìí nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀, etí ẹ̀ ni mò ń rọra sọ ọ́ sí. Mo wá rò pé ẹ̀rọ ẹ ń gbọ́ ìyẹn náà.”

Ojú ti agẹrun, àánú Màmá sì ṣe é gan-an. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń fi wọ́n yangàn pé òun ní ìyá ìyàwó tí kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kò bi ara rẹ̀ rí pé kí ló dé tí wọn kì í sọ̀rọ̀.

Ó hàn lójú kọ̀ǹpútà pé sátẹ́láìtì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ lókè. Pálọ̀ ni wáyà òrùlé wà. Bó bá sáré báyìí, ariwo ò sí mọ́, àwòrán á wọlé.

“Màmá, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.”

“Kí ni kí n sọ?”

“Èyíkéyìí tó bá wù yín.”

Màmá wò ó bóyá ó ń fi wọ́n ṣeré. Wọ́n wá rọra bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀, tó ṣì kéré nígbà náà, gé dókítà eléyín jẹ níka. Nígbà tí ìtàn fi máa dé ibi tí dókítà ti figbe ta, ọwọ́ Màmá ti kúrò lára báàgì, wọ́n ń fi han agẹrun bí ọmọ náà ṣe yanu tó. Kọ̀ǹpútà dún pìì pé sátẹ́láìtì ti dé. Agẹrun nawọ́, ó pa á dé.

“Ṣé kì í ṣe nǹkan ló ń pè ọ́ yẹn?”

“Rárá o, Màmá. Kí ni dókítà náà wá ṣe?”