Ìwé Máàkì Tó Kọ̀ Láti Ṣí

Títí di òní, tí mo bá rí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ti pọ́n bí eyín amutábà, mo máa ń gbójú kúrò lára rẹ̀. Ọ̀kan irú rẹ̀ wà ní ilé-ìwé girama tí mo ti jẹ́ igbákejì ọ̀gá ní Òmù-Àrán, nígbà tí ìlú ti le, tí èèyàn ń tò fún epo bẹntiróòlù láti àárọ̀. Àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó ló gbé e wá nígbà tí wọ́n wálé. Wọ́n fi ta wá lọ́rẹ, wọ́n ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Nínú gbogbo àwa olùkọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, ìyẹn tíṣà ìṣirò wa, ọmọ Èsìẹ́.

Òun ló ya ìwé onílà kan sínú rẹ̀, orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan lápá òsì, máàkì rẹ̀ láti ọdún dé ọdún níwájú orúkọ náà. Ó ṣètò rẹ̀ débi pé bí a bá ti tan ẹ̀rọ, tí a ṣí ètò oníṣirò inú rẹ̀, ìwé máàkì náà á jáde fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wá a kiri. Ohun tí àwa yòókù mọ̀ kò ju ìyẹn lọ. A ò bi í bó ṣe ṣe é. Ọ̀lẹ ni wá.

Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ló pa á. Mùsùlùmí ni, wọ́n sin ín sí Èsìẹ́ lọ́jọ́ tó kú gan-an. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé dé láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ṣe ìdánwò pé máàkì àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá gbọ́dọ̀ dé Ìlọrin kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ tí tirẹ̀ kò bá dé, kò ní rí èsì ìdánwò rẹ̀ gbà. Lọ́jọ́rú, mo tan ẹ̀rọ. Ètò náà ṣí lóòótọ́, àmọ́ ilà lásán ló wà níbẹ̀, kò sí orúkọ, kò sí máàkì.

Mo pa á, mo tún tàn án. Tíṣà bàọ́lọ́jì ní kí n nu ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ gbá a lórí bí ẹni gbá rédíò. Mo ní kí wọ́n kó ìwé tí àwọn tíṣà fi ọwọ́ kọ máàkì sí wá, wọ́n ní ó ti dọ́wọ́ ẹlẹ́pà ẹnu géètì, ó ń fi wé ẹ̀pà. Mo jáde lọ wò ó. Mo rí máàkì físíìsì ọmọ kan lára èyí tí ẹnìkan jù sílẹ̀, òógùn ọwọ́ ti pa ìdajì rẹ̀ rẹ́. Mo tutọ́ sílẹ̀.

Lọ́sàn-án, ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe dé láti Ìlọrin. Kò pẹ́ tó fi rí i.

"Kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ yín, sà," ó ní. "Fódà kan wà níbí, ohunkóhun tí wọ́n bá fi sínú rẹ̀ ni ètò yìí máa ń ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ wò ó, ó ṣófo. Ẹnìkan ló kó o."

Gbogbo wa yíjú sí akọ̀wé wa, òun ló máa ń fi ẹ̀rọ náà tẹ lẹ́tà. Obìnrin náà kúnlẹ̀.

"Ẹrù olóògbé ni, sà. Àwọn ló ṣe é, orúkọ wọn ló wà lára rẹ̀. Mo kó o sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, mo yọ èyí tó wà nínú ẹ̀rọ kúrò kó má dà bíi pé a fi ọwọ́ kan ogún wọn. Mo kó o pọ̀ mọ́ fìlà wọn, awò ojú wọn àti ife tíì wọn, mo gbé e lọ fún ẹbí. Ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ sí ìwé ẹrù náà, sà."

Ó mú ìwé náà wá. Ìfọwọ́sí mi ló wà lábẹ́ rẹ̀. N ò kà á kí n tó fọwọ́ sí i. Ìyẹn ò ní kí n má bú u. Mo pè é ní òpè, mo pè é ní ọlọ́pọlọ ẹja, lójú gbogbo ènìyàn.

Lọ́jọ́bọ̀, mo wọ mọ́tò dé Òrò, mo gun ọ̀kadà dé Èsìẹ́. Ẹ̀gbọ́n olóògbé jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, nítorí náà Yorùbá tí wọ́n ń bá àlejò sọ ló bá mi sọ.

"A ti di ẹrù rẹ̀ sínú aṣọ. A kì í tú u kí ogójì ọjọ́ tó pé. Ẹ padà wá nígbà yẹn."

Mo ní ọ̀la ni máàkì gbọ́dọ̀ dé Ìlọrin, pé ayé àwọn ọmọ ọlọ́mọ máa bàjẹ́.

"Ọmọ tiwa náà ló kú, tíṣà," ó dáhùn.

Mo gbé ohùn sókè. Nínú ọkàn mi, mo ń sọ pé ará oko wo nìyí, tó ń ka dísíkẹ́ẹ̀tì mọ́ agbádá. Ibẹ̀ ni ìyàwó olóògbé ti gbé ẹrù náà jáde láti yàrá. Ó tú u níwájú wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ pariwo mọ́ ọn ní èdè wọn. Obìnrin náà mú dísíkẹ́ẹ̀tì náà, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún.

"Orúkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé yín ló ń pè títí tó fi dákẹ́," ó ní. "Ẹ gbà."

Mo na ọwọ́. Kò tíì fi í sílẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, akọ̀wé yín nìkan ló wá láti ilé-ìwé yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti wá. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn yín, mo rò pé ẹ wá kí mi ni."

Lẹ́tà ìkẹ́dùn ni mo kọ nígbà tó kú, akọ̀wé yìí náà ni mo fi rán. Gbogbo ìríra tí mo ti ń dà sórí ènìyàn láti àná padà wá bá mi lójú ẹsẹ̀. Mo ní ẹ ṣeun.

"Sàréè rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé," ó ní. "Ṣé ẹ ò ní ṣàdúà fún un kí ẹ tó lọ?"

Mo wo aago ọwọ́ mi. Mo ní n ò fẹ́ kí mọ́tò fi mí sílẹ̀, pé tí ogójì ọjọ́ bá pé, mo ń bọ̀.

Máàkì dé Ìlọrin lọ́jọ́ Ẹtì. Kò sí ọmọ kankan tí wọ́n dá èsì rẹ̀ dúró. Ogójì ọjọ́ pé. N ò lọ.